Ìyá Agogo, Tó Ń Bá Ọmọ Ọlọ́mọ Bẹ̀bẹ̀

Ìyá tó bí bàbá mi kú ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ṣì wà lẹ́nu ìsinmi ọ̀sán. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Kò ṣàìsàn tó ṣe é sọ. Ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Èmi ń pè é ní Ìyá Àgbà. Ìyá Agogo ni gbogbo ilé-ìwé ń pè é.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa, Alhaja, wá kí mi kú ọ̀fọ̀ ní Tanke. Ó jókòó, ó ṣe àdúà, ó mu omi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tíṣà Délé, ẹ má bínú pé ibí ni mo ti ń sọ ọ́. Àyè Rùkáyà ti ṣófo o. Ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù ń padà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́."

Mo ní mo ti gbọ́.

Rùkáyà jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá ní kíláàsì karùn-ún wa. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń gbé. Àbúrò bàbá náà ń wa kẹ̀kẹ́ láti Tanke lọ sí ọgbà yunifásítì, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé tó lè mú ọmọ lọ síbi tó jìn. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, ìpele mẹ́ta ni a fi ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ lórí ìwà. Ìpele kìíní kan gbogbo ọmọ: òfin mẹ́rin tí a ń kà láràárọ̀, àti tíṣà tó ń dúró lẹ́nu géètì láti kí wọn. Ìpele kejì kan àwọn tí wàhálà wọn ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Wọ́n ń mú káàdì kan káàkiri, tíṣà kan a yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀ àti nígbà tí a bá ń ṣíwọ́. Ìpele kẹta ni ti àwọn ọmọ tí a lè fi ìka ọwọ́ kan kà. Fún àwọn yìí, àyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àgbàlagbà kan sí, ẹni tí yóò máa bá ọmọ náà bẹ̀bẹ̀. Tí àyè yẹn bá ṣófo, wọ́n á gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Ní ti Rùkáyà, ilé ló máa jókòó sí. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ Ìyá Agogo ló wà ní àyè tirẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bí i, ìjọ tó ń lọ àti iye ọmọ tó fi sílẹ̀ wà nínú ìwé ètò ìsìnkú. Èmi fẹ́ kọ bí ó ṣe ń bẹ̀bẹ̀.

Láti Ọ̀mù-Àrán ni ó ti wá sí Ìlọrin gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Kò mọ ìwé kà. Ìjọba gbà á láti máa gbálẹ̀ ilé-ìwé kan àti láti máa lu agogo. Irin inú táyà ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò ni agogo náà. Ó lù ú títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, tí mo sì ti di tíṣà ní ilé-ìwé tó wà nítòsí ilé wa, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí géètì tiwa. Kò sẹ́ni tó pè é. Kò sẹ́ni tó lè lé e.

Láyé ìgbà tó ń gbálẹ̀, tí wọ́n bá ń na ọmọ kan lórí asẹ́ńbílì, ojú gbogbo èèyàn a wà lára ọmọ náà. Ìyá Àgbà a kọ ẹ̀yìn sí i. Àwọn tó dúró yíká ló máa ń wò. Ó máa ń wo ẹni tó mi orí, ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹni tó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀, sà, ẹ bá mi fi jì í." Ó tún máa ń wò bóyá kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń wá.

"Má wo ẹni tí wọ́n ń nà," ó ní. "Wo ẹni tó ń ta lára."

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ní ètò ìpele mẹ́ta yìí, ọjọ́ méjì ni a fi jókòó. Mo mú kádíbọ́ọ̀dù kan bọ̀ wálé tí wọ́n ya igun mẹ́ta sí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, òkè rẹ̀ ṣóńṣó. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà.

"Kí lèyí, Àkànní?"

"Ètò tuntun ni, Ìyá Àgbà. Gbogbo ọmọ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Àwọn tó ń yọnu díẹ̀ wà láàárín. Àwọn tó le ló wà lókè."

"Báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tó ń lọ sókè?"

"A máa ka iye ìgbà tó bá ṣẹ̀."

"Ẹ̀ṣẹ̀ lẹ fẹ́ máa kà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ju òkúta kan dànù láti inú ẹ̀wà. "Ọmọ tó ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí èèyàn mẹ́wàá sáré wá bá a bẹ̀bẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ ṣe fún un? Ó ti lẹ́nìyàn. Èyí tó ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, tí gbogbo ilé dákẹ́, òun ni kẹ́ ẹ gbé lọ sókè yẹn. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà."

Mo sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn tíṣà. Gbólóhùn kan ni mo fi sọ ọ́. Alhaja bi mí bóyá ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa. Mo ní kò sí níbẹ̀. Ó ní kí a kọ ọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí a fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́. Bí àyè náà ṣe dé inú fọ́ọ̀mù nìyẹn. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ rí i, wọ́n ní ó dára, wọ́n sọ ọ́ di dandan. Mo ròyìn fún Ìyá Àgbà nílé pé wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n pẹ́," ó ní.

Ó ní ìdí tó fi mọ̀ pé wọ́n pẹ́. Èmi ni ìdí náà.

Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní kíláàsì kẹrin, ní ilé-ìwé tí Ìyá Àgbà ti ń gbálẹ̀. Tíṣà kan fa etí mi. Mo gé e jẹ lọ́wọ́. Ọ̀gá àgbà ìgbà náà ránṣẹ́ pe bàbá mi. Bàbá mi, tó jẹ́ bíríkìlà, wá pẹ̀lú símẹ́ńtì lára, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà wà lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Àwọn tíṣà mẹ́ta jókòó. Ọ̀gá àgbà ní òun máa lé mi, ó sì mú bírò.

Ẹni tó ni ọmọ kì í bá ọmọ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Tó bá bẹ̀, wọ́n á ní ó ń ba ọmọ jẹ́. Ará ìta ló yẹ kó bẹ̀, kí ẹni tó ni ọmọ wá máa ṣe bí ẹni tó ń bínú. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ń bínú. Ìyá Àgbà náà ń bínú. Bàbá mi rò pé àwọn tíṣà á ka ìyá òun sí. Ìyá Àgbà ń wo tíṣà kan tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò. Tíṣà náà rò pé ìyá tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà á sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ọ̀gá àgbà pàápàá ń dúró. Ó gbé bírò sókè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ti sọ pé òun máa lé mi, kò sì lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́. Ó dán bírò náà wò bóyá íńkì rẹ̀ ń yọ. Ó ń yọ. Ó fọwọ́ sí i.

Wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́ fọkanáísà ní Ọ̀fà Garage. Mo fi ọdún mẹ́tàlá lẹ táyà kí n tó tún jókòó sí kíláàsì, láàárín àwọn àgbàlagbà tó ń kàwé ní ìrọ̀lẹ́. Mo súnmọ́ ogójì ọdún kí n tó di tíṣà. N kò ráhùn. Táyà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ìyá Àgbà sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn fún mi. Ó ní, "Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn mọ́. Ó wá ń bẹ̀ jù. Ọmọkùnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ ń ta iṣu ní Ipata, tí ìjà kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú un ni Ìyá Àgbà ń bẹ̀. Ní ọjọ́ kan wọ́n mú un, Alhaja ní kó na ọwọ́. Ọmọ náà ní, "Ẹ ní sùúrù, mà, Ìyá Agogo ń bọ̀." Ìyá Àgbà gbọ́ ọ láti ẹnu géètì. Kò dìde. Ọmọ náà ń wo ọ̀nà títí a fi ṣíwọ́.

Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mò ń bá a bẹ̀ mọ́, ọba ni mo ti fi í jẹ."

Ó bá Tíṣà Bọ́sẹ̀, tó kéré jù láàárín wa, jà lórí ìràwọ̀. Wọ́n ní kí a máa yin ọmọ tó bá pa òfin mọ́, Tíṣà Bọ́sẹ̀ sì ra ìràwọ̀ bébà aláwọ̀ wúrà. Ó kọ orúkọ gbogbo kíláàsì sára ògiri, ó ń lẹ ìràwọ̀ mọ́ iwájú orúkọ wọn.

"Ìyá, wọ́n ní ká máa yin ọmọ ni."

"Yìn wọ́n. Ta ló ní kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri?"

"Kí àwọn yòókù lè rí i, kí wọ́n gbìyànjú."

"Èyí tí kò ní ẹyọ kan láti oṣù tó kọjá, ó ti rí i. Kò ríbòmíràn wò mọ́."

Wọn ò kí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà Tíṣà Bọ́sẹ̀ wá bá a lẹ́nu géètì, ó lẹ ìràwọ̀ kan mọ́ gèlè rẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìyá Àgbà kò yọ ọ́. Ó fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, ó sì tún fi lọ ní ọjọ́ Ìsinmi kejì. Mo rán an létí pé ó bá Tíṣà Bọ́sẹ̀ jà nítorí rẹ̀.

"Mi ò sọ pé kò dáa," ó ní. "Mo ní kò kárí."

Ọdún méje sẹ́yìn ni ìyàwó mi kú. Ìyá Àgbà kó ẹrù rẹ̀ wá sílé mi láìbéèrè. Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń ní kí n sọ̀rọ̀, kí n sunkún, kó má baà pa mí nínú. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyá Àgbà a lé wọn lọ, a gbé oúnjẹ kalẹ̀, a jókòó tì mí títí n ó fi jẹ ẹ́ tán. Oṣù mélòó kan ló fi fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń nu bàtà mi, ó wò mí.

"Wọ́n ń nà ẹ́, o ò ké," ó ní. "Báwo lẹni tó ń kọjá lọ ṣe máa mọ̀, kó tó yà wá bẹ̀?"

Ó tó àkókò kí n sọ ti Rùkáyà. Ní sáà tó kọjá, ó tú afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ Alhaja dànù. Alhaja ti sọ pé lọ́jọ́ náà lòun máa wa ọkọ̀ lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun nílé. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní òun ò fẹ́ kí Alhaja dé ilé àwọn. Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Wọ́n pe àbúrò bàbá rẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́nu géètì, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣe é bó bá ṣe yẹ." Alhaja ní òun ò lè tọ́jú ọmọ náà mọ́, kó máa lọ.

Gbogbo wa dákẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo di ohun tí mo fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà mú, torí èmi ni wọ́n ní kó wá fẹ́ wọn. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ nínú yàrá yẹn. N kò la ẹnu.

Ìyá Agogo wọlé láti géètì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ó di etí tábìlì mú.

"Alhaja, mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ síwájú. Alhaja fò sókè. "Súbúhánàláì! Ìyá! Ẹ má dán an wò!" Gbogbo tíṣà ti dìde. Àga méjì ṣubú. Àgbà tó ti lé ní àádọ́rùn-ún kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún ọmọ àádọ́ta ọdún, kí ẹni tó kúnlẹ̀ fún sì lálàáfíà. "Mo ti gbà, Ìyá! Ó ti tán! Ẹ bá mi gbé wọn dìde!"

Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ gbé dìde. Ìdúró ló ṣì wà. Mo bi í lọ́nà ilé pé báwo lorúnkún.

"Orúnkún mi ò tẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́," ó ní. "Ká ní wọ́n dákẹ́ ni, bí mo ṣe dúró yẹn ni mi ò bá wà."

Kò jẹ́ kí Rùkáyà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ náà ló fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń laágùn, mo ń wọ̀n ọ́n. Láti ọjọ́ kejì, ó ní láti yà sọ́dọ̀ Ìyá Agogo lẹ́nu géètì kó tó wọ kíláàsì. Mo máa ń gbọ́ wọn.

"Kí ló ń dùn ẹ́ lónìí?"

"Kò sí, mà."

"Irọ́ nìyẹn. Mú òmíràn wá."

"Imú Wàsíù."

"Kí ni imú Wàsíù fi ṣe ẹ́?"

"Ó ń wù mí kí n gbá a."

"O ti gbá a?"

"Rárá, mà."

"Kú iṣẹ́. Máa lọ sí kíláàsì."

Láti ìgbà náà, ìjà rẹ̀ dín. Kò tán. Mo bi Ìyá Àgbà bóyá ó rò pé ọmọ náà máa dára. Ó ní òun kọ́ ló ń tún ọmọ ọlọ́mọ ṣe.

"Kó kàn máa wá," ó ní. "Ẹni tó bá ń wá la lè bá sọ̀rọ̀."

Ó kú ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Alhaja bẹ̀ mí wò. Ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, gbogbo tíṣà wá kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mú ọsàn wá, wọ́n mú búrẹ́dì wá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Rùkáyà. Wọ́n rò pé ọmọ-ọmọ Ìyá Agogo ló máa gba ipò rẹ̀. Èmi rò pé ẹni tí kì í ṣe aláìfọhùn ló yẹ kó gbà á, ẹnì kan á sì jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, bí mo ṣe ń wẹ̀, mo rí i pé a tún ti bẹ̀rẹ̀ sí dúró de ara wa. N kò mu tíì. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé-ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan.

Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì Alhaja. Mo ní èmi ni mo fẹ́ kọ orúkọ mi síbẹ̀. Alhaja mí kanlẹ̀, ó gbé bírò fún mi. Ṣùgbọ́n òfin ni pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ gbà. Tíṣà Bọ́sẹ̀ lọ mú un wá.

"Rùkáyà, Tíṣà Délé ló fẹ́ máa bá ẹ bẹ̀bẹ̀. Ṣé o gbà?"

Rùkáyà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

"Wọn kì í sọ̀rọ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà Bọ́sẹ̀ ń wo àjà.

"Ta lo wá fẹ́?" ni Alhaja bi í.

"Ẹ̀yin, mà."

"Èmi? Èmi tí mo fẹ́ lé ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tó o bá wá tún ṣẹ̀ ńkọ́? Èmi ni ọ̀gá àgbà. Ta ni kí n lọ bẹ̀?"

Rùkáyà ronú sí i. "Kẹ́ ẹ bẹ ara yín, mà. Ẹ tètè máa ń gbà."

 Alhaja na ọwọ́ sí mi, mo dá bírò padà fún un. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí àyè náà, ó fi òǹtẹ̀ ilé-ìwé lù ú, ó ní kí Rùkáyà padà sí kíláàsì kó má sì jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Alhaja."

Rùkáyà ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú padà.

"Sà," ó ní, "wọn ò gbọ́ yín."

Mo tún un sọ, sókè.